Ta Ni "Wọ́n"? Olùṣe Tí Ó Farasin Nínú Ìtàn Ìjà Ọ̀rẹ̀

Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, mo fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ní ìpínrọ̀ kékeré kan láti túmọ̀ sí Yorùbá. Ìtàn Ogun Abẹ́lé ilẹ̀ wa ni ìpínrọ̀ náà dá lé. Èmi fúnra mi ni mo kọ ọ́ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, bí àwọn òpìtàn ṣe máa ń kọ irú rẹ̀. Gbólóhùn kan inú rẹ̀ lọ báyìí: The shops were looted and the people were driven into the forest. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà kọ ọ́ pé, "Wọ́n kó àwọn ilé ìtajà, wọ́n sì lé àwọn ènìyàn wọ inú igbó." Ṣùgbọ́n akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan, ọmọ Àgọ́ Aláayè ní agbègbè Ọ̀rẹ̀ àti Odígbó, fi àlàfo sílẹ̀ ní ipò olùwà. Ó wá kọ ọ́ sí etí ìwé rẹ̀ pé, "Ẹ jọ̀wọ́ sà, ta ni ó kó wọn?"

Ìbéèrè náà kò jẹ́ kí n sùn dáadáa lálẹ́ ọjọ́ náà. Kò sí ohun tí mo lè fi dá ọmọ náà lóhùn, nítorí pé nígbà tí mo ń kọ gbólóhùn yẹn, n kò rò ó rárá pé ẹnìkan ní láti kó ọjà kí ọjà tó di kíkó.

Ẹ jẹ́ kí a yẹ ọ̀rọ̀ gírámà náà wò díẹ̀. Nínú gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ń pè ní passive, ohun tí ìṣẹ̀lẹ̀ bá ni ó máa ń jókòó sí ipò olùwà. Bí ẹni tí ó sọ̀rọ̀ bá fẹ́, ó lè fi ọ̀rọ̀ kékeré náà, by, mú olùṣe wá sí ìparí. Bí kò bá sì fẹ́, ó lè pa á tì pátápátá, gbólóhùn rẹ̀ yóò sì dúró láìní àbùkù. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ń lò ó lójoojúmọ́ láìsí èrò burúkú kankan: a ti ilẹ̀kùn báńkì, a gbé lẹ́tà dé, a bí ọmọ. Ta ni yóò bèèrè ẹni tí ó ti ilẹ̀kùn?

Yorùbá kò ní irú ètò bẹ́ẹ̀. A ní ọ̀rọ̀ ìṣe bíi fọ́ àti ya, tí a lè lò pé "ìgò fọ́" tàbí "aṣọ ya" láìdárúkọ ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti di ọ̀rọ̀ kíkó, lílé tàbí pípa, ipò olùwà kò gbọdọ̀ ṣófo. Bí a kò bá mọ olùṣe, tàbí tí a kò fẹ́ dárúkọ rẹ̀, "wọ́n" tàbí "a" ni a ó fi síbẹ̀. Nígbà tí Samuel Àjàyí Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń túmọ̀ Bíbélì, iṣẹ́ tí ó parí ní àárín àwọn ọdún 1880, "a" yìí ni wọ́n fi ru ẹrù passive kọjá odò. Bákan náà ni "láti ọwọ́" ń dípò by, tí àwọn ènìyàn fi ń kọ pé "a kọ ìwé yìí láti ọwọ́ Lágbájá", bí ẹni pé ó burú láti sọ pé Lágbájá ni ó kọ ọ́.

Ìtàn Crowther fúnra rẹ̀ jẹ́ àpẹẹrẹ. Ìwé Gẹ̀ẹ́sì a máa sọ pé he was captured, he was sold, he was freed. Gbólóhùn mẹ́ta, kò sí olùṣe kan. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1821, ènìyàn ni ó wá gbógun ti Òṣoògùn tí ó sì mú ọmọ náà lẹ́rú, ènìyàn sì ni ó tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí ó fi dé Èkó. Àwọn Potogí ni wọ́n rà á. Ọkọ̀ ogun àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni ó gbà á sílẹ̀ lójú òkun ní 1822. Bí a bá ti fi olùṣe sí ipò rẹ̀, a ó rí i pé ọwọ́ àwọn aládùúgbò wa wà nínú rẹ̀ kí ọwọ́ àjèjì tó dé e.

Ní ti Ọ̀rẹ̀, ohun tí gbogbo ènìyàn mọ̀ ni pé àwọn ọmọ ogun Biafra rékọjá afárá Ọya ní Onitsha ní ọjọ́ 9 oṣù Kẹjọ, 1967. Wọ́n gba Benin lọ́jọ́ náà, wọ́n sì tẹ̀ síwájú títí dé Ọ̀rẹ̀, oríta tí ọ̀nà Benin, ti Oǹdó àti ti Ìjẹ̀bú-Òde ti pàdé. Victor Banjo, ọmọ Yorùbá, ni olórí wọn. Ibẹ̀ ni àwọn ọmọ ogun ìjọba àpapọ̀ ti dá wọn dúró, tí wọ́n sì lé wọn padà. Ìjà náà le débi pé ó di àṣàyàn ọ̀rọ̀ lẹ́nu ènìyàn: "Ó le kú, ìjà Ọ̀rẹ̀!" Ní ọjọ́ 22 oṣù Kẹsàn-án ọdún kan náà, ìjọba Biafra yìnbọn pa Banjo ní Enugu pẹ̀lú àwọn mẹ́ta mìíràn, lórí ẹ̀sùn ọ̀tẹ̀.

Mo bá akẹ́kọ̀ọ́ mi lọ sí Àgọ́ Aláayè láti kí ìyá rẹ̀ àgbà, tí ó ti jẹ́ abilékọ nígbà ìjà náà. Màmá gbà wá tọwọ́-tẹsẹ̀. Ó ní nígbà tí ìró ìbọn pọ̀, inú oko ni gbogbo wọn sá sí. "Nígbà tí a padà dé, wọ́n ti kó ilé wa ní àkótán."

Mo ní, "Ẹ jọ̀wọ́, Màmá, àwọn wo ni? Àwọn tí ó ti Benin wá ni, àbí àwọn sójà ìjọba?"

Màmá rẹ́rìn-ín. "Tíṣà, sójà wo ni yóò gbé ọlọ ìyá mi?"

Ọmọ-ọmọ rẹ̀ ní, "Ta wá ni, Màmá?"

"Wọ́n ni. Ọmọ wọn ni ó bá mi pọn omi láàárọ̀ yìí."

A kò bèèrè mọ́.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń wo "wọ́n" gẹ́gẹ́ bí egúngún. Aṣọ bò ó lójú, ṣùgbọ́n gbogbo ọjà mọ̀ pé ènìyàn ń bẹ lábẹ́ aṣọ. Passive tí mo kọ ní Gẹ̀ẹ́sì kò ní egúngún kankan. Ìgbálẹ̀ rẹ̀ mọ́ tónítóní. Èyí kò sọ pé èdè tiwa sàn ju tiwọn lọ. Màmá náà fi olùṣe pamọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ ni ó fi í pamọ́, kí òun àti ọmọ ẹni tí ó ṣẹ̀ ẹ́ lè jọ máa gbé. Ìdáríjì ni ìyẹn. Bí ó bá jẹ́ ẹni tí ó ṣẹ̀ ni ó fi ara rẹ̀ pamọ́ sẹ́yìn gbólóhùn, èrú ni. Àwọn àgbà ṣáà sọ pé ẹni tí ó yàgbẹ́ ni í gbàgbé, ẹni tí ó kó o kì í gbàgbé.

Àwọn ọmọ ogun ìjọba tí wọ́n lé Biafra kúrò ní Ọ̀rẹ̀ àti Benin dé Asaba ní oṣù Kẹwàá, 1967, wọ́n sì pa ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọkùnrin àti ọmọdékùnrin ìlú náà tí kò di ohun ìjà kankan mú. Fún ọdún pípẹ́, bí a bá tilẹ̀ sọ ọ́, bí ohun tí ó kàn ṣẹlẹ̀ ni a ṣe ń sọ ọ́. Nígbà tí ó di 2002, Yakubu Gowon, olórí ìjọba nígbà ogun náà, lọ sí Asaba, ó sì tọrọ àforíjì. Ẹ kíyè sí i pé kò sí bí ènìyàn ṣe lè fi passive tọrọ àforíjì. "Ẹ jọ̀wọ́, a ṣẹ̀ yín" ní láti ní "a" nínú, "a" ọ̀hún kò sì gbọdọ̀ jẹ́ ti ẹni tí a kò mọ̀. Àwa gan-an ni.

Mo fún akẹ́kọ̀ọ́bìnrin náà ní gbogbo máàkì tí ó tọ́ sí ìbéèrè náà, àlàfo àti gbogbo rẹ̀. Mo sì padà sí ìpínrọ̀ tèmi. Èmi ni mo kọ were looted. Kò sí ẹni tí ó fi ipá mú mi. Mo tún un kọ ní Yorùbá báyìí: "Sójà lé wọn wọ inú igbó. Ẹni tí kì í ṣe sójà kó ẹrù wọn." N kò dárúkọ ẹnikẹ́ni, nítorí pé Màmá kò dárúkọ. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni tí ó bá kà á yóò mọ̀ pé ènìyàn wà níbẹ̀.