Igi Eléso àti Igi Ìbòòji Tí Ó Bá Ojú Ọjọ́ Mu ní Ilẹ̀ Yorùbá

Nígbà tí baálé ilé kan bá fẹ́ gbin igi sí àgbàlá rẹ̀, yálà èyí tí yóò máa ká èso rẹ̀ jẹ ni o, tàbí èyí tí yóò máa tẹ́ ẹní sí abẹ́ rẹ̀ nígbà tí oòrùn bá kan àtàrí, igi tí ó wù ú ni ọkàn rẹ̀ sábà máa ń kọ́kọ́ lọ sí. Bẹ́ẹ̀ ni ìbéèrè tí ó yẹ kí ó ṣáájú ni igi wo ni ilẹ̀ náà, òjò rẹ̀, ẹ̀ẹ̀rùn rẹ̀ àti ọyẹ́ rẹ̀ yóò gbà láyè. Láti etí òkun ní Àgbádárìgì títí dé Ṣakí àti Ìgbẹ̀tì, ojú ọjọ́ ilẹ̀ Yorùbá kì í ṣe ẹyọ kan ṣoṣo. Igi tí ó ń so wọ̀ǹtìwọnti ní Òndó lè máa rù lọ díẹ̀díẹ̀ ní Ìṣẹ́yìn títí yóò fi gbẹ, kì í ṣe pé ẹni tí ó gbìn ín kò tọ́jú rẹ̀.

Ní Amẹ́ríkà, ẹ̀ka ìjọba tí ó ń rí sí ètò ọ̀gbìn tẹ àwòrán ilẹ̀ kan jáde ní ọdún 1960, wọ́n sì ti tún un ṣe lẹ́ẹ̀kan lẹ́ẹ̀kan láti ìgbà náà títí kan ọdún 2023. Nínú èyí tí wọ́n ń lò báyìí, ìsọ̀rí 13 ni wọ́n pín ilẹ̀ náà sí, òṣùwọ̀n kan ṣoṣo tí wọ́n sì fi pín in ni bí òtútù ti máa ń mú tó ní òru tí ó tutù jù lọ nínú ọdún. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀ fún àwọn ará ibẹ̀, nítorí pé òtútù ni ń pa igi lọ́hùn-ún. Ṣùgbọ́n bí a bá gbé òṣùwọ̀n yẹn wá sílé, ńṣe ni gbogbo ilẹ̀ wa yóò kó sí inú ìsọ̀rí mélòó kan tí ó gbẹ̀yìn, Ìlàjẹ àti Òkè-Ògùn yóò wá dọ́gba, ohun tí àgbẹ̀ kankan kò sì jẹ́ gbà nìyẹn. Òùngbẹ ni ń pa igi níhìn-ín. Kódà, kì í ṣe iye òjò tí ó rọ̀ láàárín ọdún ni ó ń sọ gbogbo ìtàn náà, nítorí pé òjò Ìlọrin, tí ó tó nǹkan bí 1,200 mìlímítà, kò fi bẹ́ẹ̀ kéré sí ti Ìbàdàn. Ibi tí wọ́n ti yàtọ̀ ni pé ẹ̀ẹ̀rùn Ìlọrin gùn ju ti Ìbàdàn lọ, ọyẹ́ ibẹ̀ gbẹ jù, òjò àkọ́rọ̀ sì máa ń pẹ́ kí ó tó débẹ̀. Nítorí náà, iye oṣù tí ilẹ̀ fi ń gbẹ, àti bí omi ti jìn tó sí gbòǹgbò nínú àwọn oṣù wọ̀nyí, ni èmi yóò fi ṣe òṣùwọ̀n nínú àyọkà yìí.

Bí a bá fi òṣùwọ̀n yìí wò ó, etí ọ̀sà àti etí òkun ni a óò kọ́kọ́ kà, ní Èkó, Ẹ̀pẹ́, Àgbádárìgì àti Ìlàjẹ, níbi tí yanrìn pọ̀, tí omi kò jìn, tí iyọ̀ sì wà nínú atẹ́gùn. Lẹ́yìn èyí ni igbó kìjikìji ti Ìjẹ̀bú, Òndó, Ifẹ̀, Ìjẹ̀ṣà àti Ọ̀wọ̀, níbi tí ẹ̀ẹ̀rùn kì í ti í pẹ́. Bí a bá ń lọ sí àríwá, a óò dé ilẹ̀ tí ó ti jẹ́ igbó nígbà kan rí kí iná àti ọkọ́ tó sọ ọ́ di ọ̀dàn, bíi ti Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́, lẹ́yìn náà ni a óò wá bọ́ sí ọ̀dàn pọ́ńbélé ti Ìlọrin àti Òkè-Ògùn. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé bí a bá ti ń súnmọ́ òkun ni òjò yóò máa pọ̀ sí i níbi gbogbo. Láti Àkúrá ní ilẹ̀ Gánà, kọjá Lomé, títí dé Kùtọnu, ọ̀dàn sọ̀kalẹ̀ dé etí òkun, ó sì la igbó ńlá Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà sí méjì. Ìdí nìyí tí igi tí ará Kétu àti ará Àjàṣẹ́ ń bá lò kò fi rí bákan náà pẹ̀lú ti ará Ìjẹ̀bú.

Ẹni tí kò ní ẹ̀rọ tí a fi ń wọn òjò lè wo igi àgbà tí ó ti wà nílẹ̀ kí ó tó dé. Níbi tí emi àti irúgbá bá ti ń dá hù, ọ̀dàn ni a wà, kí a má sì fi kòkó tan ara wa jẹ. Níbi tí arère àti afárá bá ti ga kọjá orí ilé, òjò kò jìnnà. Níbi tí ọ̀pẹ ògùrọ̀ bá sì ti pọ̀, àkùrọ̀ ni, omi yóò dúró sí ìdí ohunkóhun tí a bá gbìn.

Ní igbó ni ọwọ́ ti máa ń dẹni láti yàn. Àbàtà ni obì tí ó jẹ́ ọmọ bíbí ilẹ̀ wa, olójú mẹ́ta, olójú mẹ́rin, obì tí ń bi ikú tí ń bi àrùn. Gbànja olójú méjì, láti ìhà ìwọ̀-oòrùn ni ó ti wá, ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún sì ni gbígbìn rẹ̀ gbilẹ̀ ní Àgége àti ní Rẹ́mọ. Àwọn méjèèjì fẹ́ ilẹ̀ tí ó jìn, wọ́n sì fẹ́ ìbòòji nígbà èwe wọn. Òrógbó náà fẹ́ irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá gbìn ín yóò dúró tó ọdún mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí ó tó rí èso rẹ̀, ẹni tí yóò sì jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Àgbálùmọ̀, tí èso rẹ̀ ń pọ́n láti oṣù kejìlá títí dé oṣù kẹrin, ni èmi ì bá fi ṣáájú gbogbo wọn fún àgbàlá ilé, nítorí pé kì í gba ìtọ́jú púpọ̀, òjìji rẹ̀ dára, àkókò tí ẹnu gbẹ ní ẹ̀ẹ̀rùn ni ó sì ń fún ni ní ohun mímu sẹ́nu. Ìṣin náà dára fún ìbòòji, ó sì lè fara da ọ̀dàn ju àwọn tí a ti kà lọ. Àmọ́ kí gbogbo ilé mọ̀ pé májèlé ni ìṣin tí kò tíì la ẹnu fúnra rẹ̀ lórí igi, ara funfun tí ó wà ní ìdí kóró rẹ̀ nìkan ni a sì ń jẹ.

Kòkó kò gba àwàdà ní ti omi. Ó ń fẹ́ òjò tí ó tó nǹkan bí 1,500 mìlímítà tí ó pín káàkiri ọdún, ẹ̀ẹ̀rùn tí ó bá sì ju oṣù mẹ́ta lọ máa ń dà á láàmú. Ní agbègbè Ìbàdàn, tí òjò kò tó bẹ́ẹ̀, ilẹ̀ tí ń pa omi mọ́ àti igi ńlá tí ń ṣíji bò ó ni ó ń gbà á là. Àwọn tí ó gé igi ìbòòji inú oko wọn tán rí àbùkù rẹ̀ nígbà ọ̀dá 1983, nígbà tí iná run oko kòkó lọ súà káàkiri Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà.

Bí ẹ̀ẹ̀rùn ti jẹ́ ọ̀tá kòkó ni ó jẹ́ ọ̀rẹ́ mángòrò. Ó yẹ kí a dúró díẹ̀ níbí, nítorí pé ọ̀pọ̀ ènìyàn ni kò yé. Igi mángòrò nílò oṣù méjì sí mẹ́ta tí kò sí òjò kí ó tó lè tanná dáadáa. Ní ibi tí òjò kò ti í dá, ewé ni yóò máa rú, tí ara rẹ̀ yóò máa dán, tí ojú olówó rẹ̀ yóò sì máa wọ̀nà fún èso tí kò ní í wá. Bí ó bá sì ràn án lọ́wọ́ tí ó tanná, tí òjò àìròtẹ́lẹ̀ wá rọ̀ sórí ìtànná náà, àrùn kan yóò sọ ọ́ di dúdú, gbogbo rẹ̀ yóò sì rẹ̀ sílẹ̀. Ìdí nìyí tí mángòrò Ògbómọ̀ṣọ́ fi lórúkọ ju ti ìlú tí ó wà láàárín igbó lọ. Kajú, tí àwọn Potogí gbé wá láti Brazil, náà fẹ́ ẹ̀ẹ̀rùn bẹ́ẹ̀, kò sì kọ ilẹ̀ yanrìn tàbí ilẹ̀ ẹlẹ́kùúta tí igi mìíràn kò jẹ́ yà sí. Ògbómọ̀ṣọ́ kan náà wà lára àwọn ìlú tí a mọ̀ mọ́ ọn. Ní Ṣakí àti Ìgbẹ̀tì, emi àti irúgbá kì í sábà jẹ́ igi tí a gbìn, bí kò ṣe èyí tí àgbẹ̀ ń dá sí nígbà tí ó bá ń ṣán oko, èèpo emi sì nípọn tó bẹ́ẹ̀ tí iná ọdọọdún kì í fi bẹ́ẹ̀ ràn án. Emi lè tó ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kí ó tó so. Nítorí náà, ẹni tí ó bá rí ọmọ emi tí ó hù fúnra rẹ̀ ní àgbàlá rẹ̀, tí ó sì gé e láti fi igi ọlọ́dòdó rọ́pò rẹ̀, owó ni ó sọ nù.

Ọsàn ń gbé inú igbó, ó ń gbé ọ̀dàn tí omi wà nítòsí. Àwọ̀ rẹ̀ ni ó ń tan ènìyàn jẹ. Ọsàn nílò òru tútù kí èèpo rẹ̀ tó pọ́n, a kò sì ní irú òru bẹ́ẹ̀, nítorí náà ọsàn wa lè ti pọ́n dénú kí ara rẹ̀ ṣì tutù yọ̀yọ̀. Ẹni tí ó ń dúró de àwọ̀ ti orí pépà yóò jẹ́ kí ó jábọ́. Ní ti ápù, tí àwọn kan ń bèèrè irúgbìn rẹ̀, kódà àwọn ẹ̀yà tí kò fẹ́ òtútù púpọ̀ ṣì nílò nǹkan bí 200 wákàtí tí ojú ọjọ́ yóò fi lọ sílẹ̀ ju ìwọ̀n 7 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ní Ìbàdàn, ó ṣọ̀wọ́n kí òru ọyẹ́ tilẹ̀ sọ̀kalẹ̀ dé 15. Kí a jẹ́ kí ápù máa wá láti ìdálẹ̀.

Ní etí òkun, àgbọn ni ọba. Iyọ̀ kò ṣe é ní nǹkan, gbòǹgbò rẹ̀ di yanrìn mú, ìjì a sì máa tẹ̀ ẹ́ láìṣẹ́ ẹ. Igi fúrúntù, tí ó pọ̀ ní àgbàlá àwọn ará Èkó, náà fara da iyọ̀, ó sì ń ṣíji gbalasa. Ṣùgbọ́n kí ẹni tí ó ń gbé orí àkùrọ̀ tí a fi yanrìn dí má ṣe gbin píà, nítorí pé gbòǹgbò rẹ̀ máa ń rà bí omi bá dúró sí i.

Igi ìbòòji ní òfin tirẹ̀. Ọ̀dán ni àwọn baba wa ń gbìn sí ọjà ọba, kì í ṣe nítorí ẹwà rẹ̀ nìkan, bí kò ṣe pé ẹ̀ka rẹ̀ tí a bá gé tí a sì rì mọ́lẹ̀ ń hù, ó sì ń tú ewé púpọ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Akòko, pèrègún, ìyeyè àti lápálàpá jẹ́ igi ọgbà tí a fi ń pààlà, wọ́n sì sàn ju wáyà lọ lójú tèmi, nítorí pé olè kò lè ká wọn lọ tà. Dóńgóyárò, ọmọ ilẹ̀ Íńdíà, tí a kọ́kọ́ fi hóró rẹ̀ gbìn ní Borno ní 1928, ni igi tí ó yẹ Ìlọrin àti Òkè-Ògùn, nítorí pé ẹ̀ẹ̀rùn kì í bá a ní àìròtẹ́lẹ̀. Panṣẹ́kẹ́, tí ó ti erékùṣù Madagásíkà wá, rẹwà nígbà tí ó bá pọ́n ròdòròdò, ṣùgbọ́n gbòǹgbò rẹ̀ kò jìn, a sì máa gbé ilẹ̀ sókè. Ní ìta àwọn ilé tuntun, igi kan láti Íńdíà tí ewé rẹ̀ wọ́ sílẹ̀ bí aṣọ eégún ni wọ́n ń tò sí ẹ̀gbẹ́ ògiri; kò gba àyè, ṣùgbọ́n kò ṣíji bo ẹnikẹ́ni, nítorí náà a kò lè kà á mọ́ igi ìbòòji. Ní ti ìrókò olúwéré, àràbà baba igi, àti oṣè, kí wọ́n jìnnà sí ìpìlẹ̀ ilé. Kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò, bí ó bá dàgbà tán apá kò ní ká a. À ń pòyì ká oṣè náà, apá kò ká oṣè.

Àwọn ọmọ Yorùbá tí a kó lọ sí òkè òkun bá ọ̀rọ̀ igi tí ó bá ojú ọjọ́ mu yìí pàdé lọ́nà tí ó le jù. Ìrókò wa kò sí ní Kúbà, wọ́n sì fi àràbà, tí ó ti ń hù níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, rọ́pò rẹ̀ nínú ìsìn. Ní Brazil, igi kan nínú ẹbí ọ̀dán, tí wọ́n ń pè ní gameleira, ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀. Ọ̀pẹ wa, ní tirẹ̀, bá ojú ọjọ́ etíkun Bahia mu, kò sì nílò àrọ́pò. Akòko náà ń hù níbẹ̀ nínú àgbàlá àwọn olórìṣà. Ìṣin wa gbilẹ̀ ní Jàmáíkà tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi sọ ọ́ di èso orílẹ̀-èdè wọn. Ilẹ̀ tí ó gbà wọ́n wọ̀nyí kò fi ooru àti òjò jìnnà sí tiwa.

Àkókò gbígbìn yàtọ̀ láti ibì kan dé èkejì. Ní igbó, a lè gbìn láti oṣù kẹrin, kí igi ti fìdí múlẹ̀ kí ìsinmi òjò oṣù kẹjọ tó dé. Ní ọ̀dàn, ó sàn kí a dúró títí òjò yóò fi dúró ṣánṣán ní oṣù kẹfà, nítorí pé òjò àkọ́rọ̀ ibẹ̀ a máa tan ènìyàn. Igi tí a fi ẹ̀ka igi àgbà so mọ́ ìdí rẹ̀ sàn ju èyí tí a fi kóró gbìn lọ, ní ti ọsàn àti mángòrò. Ilé-iṣẹ́ ìwádìí ọ̀gbìn èso àti ẹ̀fọ́ tí ìjọba dá sílẹ̀ ní Ìdí-Ìṣin, Ìbàdàn, ní 1975 jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ibi tí a ti ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Kí a gbẹ́ ihò tí ó fẹ̀, kí a fi ilẹ̀dú àti ìgbẹ́ ẹran tí ó ti jẹrà dí i, kí a sì fi koríko gbígbẹ bo ìdí igi nígbà tí àrọ̀kúrò òjò bá ti lọ, ṣùgbọ́n kí koríko náà má kan ara igi, nítorí ikán. Ní ẹ̀ẹ̀rùn àkọ́kọ́, garawa omi kan ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì kò lè tó mángòrò ọ̀dàn. Ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ ni kí ó jẹ́, kí a dà á ní ìrọ̀lẹ́, kí a sì dà á jìnnà díẹ̀ sí ìdí rẹ̀ kí gbòǹgbò lè máa wá a lọ.