Ayo Gorkhali: Bí Àwọn Jagunjagun Orí Òkè Ṣe Dé Etí Adágún Southmere

Ẹ sún mọ́ mi, ẹ̀yin ará Woolwich àti Thamesmead, àti ẹ̀yin òbí tó wà nílé tí ọmọ yín ń fi fóònù júwe ibẹ̀ fún yín. Ìtàn tí mo gbé wá lónìí ní òkè tó ga kan ojú ọ̀run, ó ní àbàtà, ó ní igbó tí aṣọ funfun so lórí igi rẹ̀, ó sì ní ilẹ̀kùn tí idà kò lè ṣí. N kò bu iyọ̀ sí ọ̀kankan nínú wọn. Iwin kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀, ìwé ìjọba ni.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti àbàtà. Ilẹ̀ tí ẹ ń tẹ̀ yí adágún Southmere ká yẹn, ogun ló ni ín tẹ́lẹ̀, Ògún ló sì ń gbé ibẹ̀. Àgbẹ̀dẹ ńlá kan wà ní Woolwich, Royal Arsenal ni orúkọ rẹ̀, ibẹ̀ sì ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti rọ ìbọn àgbá fún nǹkan bí 250 ọdún. Inú àbàtà ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ti ń dán ìbọn wò. Wọ́n mọ òkìtì sáàárín ẹrẹ̀, wọ́n gbẹ́ yàrà omi yí i ká, wọ́n sì kó ẹ̀tù pamọ́ síbẹ̀ kí iná má baà rí i. Ọ̀kan nínú òkìtì náà, Tump 53, ṣì wà ní Thamesmead dòní. Ẹyẹ ló ń yé síbẹ̀ báyìí. Ní 1967, iná àgbẹ̀dẹ náà kú. Ní 1968, àwọn ènìyàn àkọ́kọ́ kó wọ ìlú tuntun tí wọ́n kọ́ sórí àbàtà. Ìkún omi 1953 kò tíì kúrò lọ́kàn àwọn tó yàwòrán ilé, ìdí nìyẹn tí wọn kò fi ṣe yàrá ìbùsùn sí ìsàlẹ̀: ọkọ̀ sùn nílẹ̀, ènìyàn sùn lókè.

Àwa ọmọ Nàìjíríà kún ìlú yìí, kò sẹ́ni tí kò mọ̀. Ṣùgbọ́n ìran mìíràn ń bá wa gbé ibẹ̀. Ẹ ti rí wọn ní General Gordon Square ní Woolwich, ẹ ti bá wọn dúró de bọ́ọ̀sì ní Plumstead: bàbá kúkúrú tí ẹ̀yìn rẹ̀ ṣì nà ṣánṣán, tó dé fìlà aláràbarà, tó ká ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn, tí ìyàwó rẹ̀ ń tẹ̀lé e jẹ́jẹ́. Àwọn kan nínú wa a wò wọ́n fìrí, wọn a ní, “Àwọn Ṣáínà yìí.” Ṣáínà kọ́ o! Nẹ́pàl ni wọ́n ti wá, níbi tí òkè tó ga jù láyé wà. Gurkha ni ayé ń pè wọ́n, láti ara orúkọ ìlú Gorkha.

Ní 1814, àwọn oníṣòwò Gẹ̀ẹ́sì tó ń gba Íńdíà mọ́wọ́ kógun lọ bá Nẹ́pàl. Àwọn ará òkè fa khukuri yọ, ọ̀bẹ wọn tí ẹnu rẹ̀ tẹ̀ kọdọrọ, wọ́n sì jà tó bẹ́ẹ̀ tí ogun náà fi wọ 1816. Kó tó parí rárá, ní 1815, Gẹ̀ẹ́sì ti ń gbà wọ́n síṣẹ́ ológun. Ọ̀tá tí kò gbọ́ ìhàlẹ̀, owó oṣù ni wọ́n fi pè é.

Wàyí o, ẹ rántí ogun Hitler, ẹ rántí Bọ́má tí àwọn bàbá wa àgbà ń sọ. Ní oṣù kẹta 1944, ọkọ̀ òfurufú gbé ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì fò kọjá lórí àwọn ará Jàpáánù, ó sọ̀ wọ́n kalẹ̀ sínú igbó lẹ́yìn ọ̀tá. Wọ́n tẹ̀dó sójú irin rélùwéè nítòsí Mawlu. Ọ̀nà kankan kò dé ọ̀dọ̀ wọn, nítorí náà òkè ni oúnjẹ àti ọta ti ń já bọ́, tí agbòòrùn aṣọ ńlá ń sọ̀ wọ́n kalẹ̀. Aṣọ náà há sórí igi. Tòní kún tàná títí igbó fi funfun báláú, tí àwọn sójà fi sọ ibẹ̀ ní White City, Ìlú Funfun. Ta ló gbèjà Ìlú Funfun nígbà tí Jàpáánù ń rọ́ bọ̀ lóròòru ní oṣù kẹrin? Àwọn Gurkha wà níbẹ̀. Àwọn sójà Nigeria Regiment, ọmọ ilẹ̀ wa tí òkun gbé kọjá, wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Abẹ́ aṣọ kan náà ni àwọn méjèèjì ti gbọ́ ìró ìbọn.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà nínú 6th Gurkha Rifles, Tul Bahadur Pun ni orúkọ rẹ̀. Ní ọjọ́ 23 oṣù kẹfà ọdún náà, wọ́n kọlu ìlú Mogaung. Ilé pupa kan ń tú ọta jáde bí òjò àárọ̀, títí ọ̀wọ́ Tul Bahadur fi ku ẹni mẹ́ta lórí ìdúró. Àwọn mẹ́ta náà dìde. Méjì tún ṣubú. Tul Bahadur gbé ìbọn arọ̀jò-ọta, ó dá nìkan sáré. Ẹrẹ̀ mù ún dé ọrùn ẹsẹ̀, igi wíwó dí ojú ọ̀nà, ìmọ́lẹ̀ àfẹ̀mọ́júmọ́ sì wà lẹ́yìn rẹ̀ tó ń fi í han ọ̀tá kedere. Ó débẹ̀. Ó pa mẹ́ta, márùn-ún fẹsẹ̀ fẹ́ẹ, ó gba ìbọn arọ̀jò-ọta wọn méjì. Gẹ̀ẹ́sì fún un ní Victoria Cross, àmì ẹ̀yẹ akíkanjú tí kò sí èyí tó jù ú lọ lọ́dọ̀ wọn.

Ilẹ̀kùn tí mo sọ níṣàájú ló kàn. Akọni yìí darúgbó, ara rẹ̀ kò le mọ́, ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun wá gbé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Èsì tó padà sí i ni pé kò fi hàn pé nǹkan gidi so òun pọ̀ mọ́ ilẹ̀ náà. Ẹ gbọ́ mi? Ẹni tó sáré wọ ẹnu ìbọn nítorí wọn! Ariwo ta, ojú tì wọ́n, wọ́n sì gbà á láyè ní 2007. Ṣùgbọ́n ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣì wà níta. Àwọn tó fẹ̀yìn tì kó tó di ọjọ́ 1 oṣù keje 1997, ọjọ́ tí Gẹ̀ẹ́sì dá Hong Kong padà fún Ṣáínà, ni òfin ìgbà náà tì síta.

Joanna Lumley, òṣèré tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ọ̀gá ológun nínú 6th Gurkha Rifles kan náà, wá sí iwájú ìjà láti ṣí ilẹ̀kùn náà fún wọn. Ní ọjọ́ 30 oṣù kẹsàn-án 2008, ilé ẹjọ́ gíga ní ìlànà ìjọba kò bófin mu. Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹrin 2009, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin dìbò, 267 sí 246, ìjọba sì fìdí rẹmi. Ní ọjọ́ 21 oṣù karùn-ún, ìjọba kéde pé kí ẹni tó bá ti sìn fún ọdún mẹ́rin wọlé. Lumley ké igbe ogun wọn láàárín èrò: “Ayo Gorkhali!” Ìtumọ̀ rẹ̀ ni “Àwọn Gorkhali ti dé!” Ẹ fi etí Yorùbá gbọ́ ọ, kí ẹ sì fi í pamọ́.

Wọ́n dé lóòótọ́. Ọ̀pọ̀ nínú wọn sọ̀ sí Woolwich àti Plumstead. Nígbà náà ni àwọn ọ̀tá tí khukuri kò ran yọjú. Èkíní ni Òtútù, tí kì í yìnbọn síbẹ̀ tó ń wọ egungun. Èkejì ni Lẹ́tà, tó ń gba ojú ihò ẹnu ọ̀nà wọlé nínú àpò ìwé aláwọ̀ ilẹ̀. Ẹ̀kẹta ni Ìdánìkanwà, òun ló burú jù. Owó ìfẹ̀yìntì wọn kéré gan-an sí ti sójà Gẹ̀ẹ́sì; ní oṣù kẹjọ 2021, àwọn kan nínú wọn fi ebi panú fún ọjọ́ 13 ní iwájú Downing Street nítorí rẹ̀.

Kí ni wọ́n fi ṣẹ́gun? Ohun tí àwa náà mọ̀: ẹgbẹ́. Samaj ni wọ́n ń pè é. Ẹ̀yà Gurung ní Tamu Dhee, ẹ̀yà Limbu ní Kirat Yakthung Chumlung, gẹ́gẹ́ bí a ti ní ẹgbẹ́ ọmọ Ìjẹ̀ṣà àti ẹgbẹ́ ọmọ Ẹ̀gbá. Ẹgbẹ́ ńlá kan sì tún wà, Non-Resident Nepali Association, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Kathmandu ní oṣù kẹwàá 2003 fún àwọn ọmọ Nẹ́pàl tó wà lẹ́yìn odi. Kí ẹnikẹ́ni má fi wọ́n ṣe ẹlẹ́yà pé ìpàdé wọn pọ̀. London yìí náà ni wọ́n ti dá Ẹgbẹ́ Ọmọ Odùduwà sílẹ̀ ní 1945.

Ẹ wo bí iṣẹ́ ẹgbẹ́ ṣe ń lọ. Bàbá yóò mú lẹ́tà aláwọ̀ ilẹ̀ yọ nínú kóòtù, yóò gbé e sórí tábìlì. Kò tíì ṣí i. Ó ti tó ọjọ́ mẹ́ta tó ti ń gbé e kiri. Ọmọbìnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ tibi iṣẹ́ dé yóò pè é ní baje, bàbá àgbà, yóò ṣí i, yóò kà á. Ọjọ́ tí yóò lọ sí ọsibítù ni wọ́n kọ síbẹ̀, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ ó rí èjìká bàbá tó sọ̀ kalẹ̀. Ẹni tí kò bẹ̀rù ọta, bébà ló ń já a láyà.

Bí owó ni ìṣòro, wọ́n ní dhukuti. Kí ni dhukuti? Ẹ̀súsú ni! Wọ́n á dá a lóṣooṣù, ẹni tó kàn á kó o. Èdè wọn sì ní ẹ̀gbọ́n, ó ní àbúrò, ohun tí Gẹ̀ẹ́sì kò ní lẹ́nu: dai ni ẹ̀gbọ́n ọkùnrin, bahini ni àbúrò obìnrin. Nígbà tí ilẹ̀ mì tìtì ní Nẹ́pàl ní ọjọ́ 25 oṣù kẹrin 2015, tó pa ènìyàn tó sún mọ́ 9,000, owó ará ìdálẹ̀ wà lára ohun tí ẹgbẹ́ ńlá yẹn fi kọ́ ilé tó lé ní 500 fún àwọn ará Laprak ní agbègbè Gorkha.

Lákòókò ọdún Dashain, àwọn àgbà yóò po ìrẹsì, wàrà kíkan àti àtíkè pupa. Ọmọ yóò tẹríba, àgbà yóò fi ìka lẹ̀ ẹ́ mọ́ iwájú orí rẹ̀, yóò fi èhù ọkà bálì, tí wọ́n gbìn sínú òkùnkùn títí ó fi pọ́n bí oyin, há a létí, yóò sì wúre. Yorùbá wo ni kò ní ṣe àmín sí i?

Bí ẹ bá wà létí Southmere lọ́la, tí ìyá kan tó ń sáré tẹ̀lé ọmọ rẹ̀ bá figbe ta pé, “Ayọ̀! Ayọ̀, kúrò létí omi yẹn!” ẹ wo bàbá onífìlà tó jókòó lórí bẹ́ǹṣì. Bó bá gbórí sókè lójijì, ẹ má rẹ́rìn-ín. Ó gbọ́ pé wọ́n ti dé.