Ọmọ Mọ́tò Ló Ń Gba Ọ̀nà

Bí lọ́rì bá fi tipátipá wọ ọ̀nà ní Onípáànù nílùú Èkó, dírẹ́bà ni gbogbo èèyàn máa ń bú. Wọn kì í rí ọmọ mọ́tò tó rọ̀ mọ́ ilẹ̀kùn. Èmi ti ṣe ọmọ mọ́tò rí kí n tó di dírẹ́bà, Ṣómólú àti Bàrígà ni mo sì ti lo ọ̀pọ̀ ọdún mi. Mo lè búra pé ọmọ mọ́tò ló ń gba ọ̀nà. Dírẹ́bà kàn ń gba ibi tó bá là fún un kọjá ni. Ọdún 1972 ló sì sọ ọ́ di dandan.

Ṣáájú ọdún náà, ọwọ́ òsì là ń tọ̀ ní Nàìjíríà, bí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe kọ́ wa. Bẹ́ẹ̀, Dàhòmì (Benin báyìí), Niger, Chad àti Cameroon tó yí wa ká, ọwọ́ ọ̀tún ni tiwọn. Lọ́jọ́ 2 oṣù Kẹrin 1972, tó bọ́ sí ọjọ́ Àìkú Àjíǹde, ìjọba Gowon ní kí gbogbo ọkọ̀ kọjá sí ọ̀tún. Sweden ti ṣe irú rẹ̀ ní 1967. Gánà tẹ̀ lé wa ní 1974. Ọ̀nà yí padà lọ́jọ́ kan ṣoṣo, ṣùgbọ́n ta ni yóò yí sítíárìn padà? Àwọn Bedford ayé ìgbà náà, ọwọ́ ọ̀tún ni sítíárìn wọn wà. Dírẹ́bà tó jẹ́ pé àárín títì ló ń wò tẹ́lẹ̀ wá di ẹni tó jókòó sétí gọ́tà. Tó bá fẹ́ yọ sọ́nà Ìkòròdú láti Ṣómólú, apá òsì ni ọkọ̀ ti ń bọ̀ wá bá a, òun sì wà lápá kejì, tí ẹrù àti pákó dí i lójú. Bó bá fẹ́ ya ọkọ̀ mìíràn sílẹ̀, àfi kó ti ìdajì lọ́rì jáde kó tó rí ohun tó wà níwájú.

Ojú ọmọ mọ́tò tó wà ní ìjókòó òsì ni dírẹ́bà wá ń lò. Bíi 1973 ni mo wọ ọkọ̀ ọ̀gá mi, tó ń kó sìmẹ́ńtì lọ fún àwọn tó ń mọ búlọ́ọ̀kù ní Bàrígà. Nílé, mo máa ń dọ̀bálẹ̀ kí i. Nínú lọ́rì, “Wọlé! Dúró! Má lọ!” ni mo ń sọ sí i. Ọ̀gá fúnra rẹ̀ ló kìlọ̀ pé kí n má fi “ẹ jọ̀ọ́” kún un, pé kí n tó kí òun tán, a ti gbá èèyàn.

Ọgbọ́n gbígba ọ̀nà tí ọ̀gá kọ́ mi rèé. Nínú gosílò, lọ́rì tó kún kò gbọ́dọ̀ dúró pátápátá bó bá lè rá: gíà kìn-ín-ní, ẹsẹ̀ díẹ̀ lórí kílọ́ọ̀ṣì, kó máa sún. Bó bá dúró, dáńfó mẹ́ta ti wọ iwájú rẹ̀ kó tó tún gbéra. Bó o bá fẹ́ wọlé, fi bọ́ńpà hàn, kó o sì dákẹ́ síbẹ̀. Má fò lé e. Ọmọ mọ́tò á bẹ́ sílẹ̀, á na àtẹ́lẹwọ́ sí ẹni tó ń bọ̀, á máa fẹ̀yìn rìn níwájú lọ́rì. Táyà iwájú dáńfó ni kó máa wò, kì í ṣe ojú dírẹ́bà rẹ̀, torí dírẹ́bà lè máa rẹ́rìn-ín sí ọ kí táyà rẹ̀ sì máa yí bọ̀. Tí ọmọ mọ́tò kò bá tíì fẹsẹ̀ kan ilẹ̀, kò sí gbígba ọ̀nà kankan. Ẹni tó bá fi hóònù nìkan gbà á, ìyẹn ni kí ẹ máa pè ní wèrè.

Ní 1975, iṣẹ́ náà di ogun. Ìjọba ti ra bíi mílíọ̀nù 20 tọ́ọ̀nù sìmẹ́ńtì lókè òkun, èbúté Èkó kò sì lè gbà ju bíi mílíọ̀nù kan lọ lọ́dún. Ọkọ̀ ojú omi tó lé ní 400 tò sórí òkun, sìmẹ́ńtì ń di òkúta nínú wọn. Lórí ilẹ̀, àwa náà tò ní èbúté Apápá. Ibẹ̀ ni mo ti sùn sábẹ́ lọ́rì, tí mo gbé orí lé igi tí a fi ń há táyà.

Nígbà tó yá, Mercedes 911 ti Jámánì gba ìgboro. Sítíárìn rẹ̀ wà lọ́wọ́ òsì, dírẹ́bà sì rí ọ̀nà fúnra rẹ̀. Mo rò pé iṣẹ́ ọmọ mọ́tò máa dínkù. Rárá o! Ọ̀tún ni wọ́n kàn lé e lọ, nítorí ibẹ̀ ni gọ́tà, ìsọ̀ àti ọmọdé wà. Èmi náà ti di dírẹ́bà nígbà yẹn, mò ń kó bébà fún àwọn atẹ̀wé Ṣómólú. Bí mo bá fẹ́ ya sí òpópónà Shipeolu, àárín títì ni mo ń dì mú, torí táyà ẹ̀yìn kì í tọ ipasẹ̀ ti iwájú. Ó máa ń gé kọ̀rọ̀. Ọmọ mọ́tò á dúró létí gọ́tà, kí ọ̀kadà má baà ráyè wọ abẹ́ mi, á máa lu ara ọkọ̀: ẹ̀ẹ̀kan, máa bọ̀, léraléra, tẹ búréèkì.

Lẹ́yìn náà ni òfin ń tẹ̀ lé òfin. Ẹ̀ṣọ́ ojú pópó dé ní 1988, tí Wọlé Ṣóyínká ṣe alága rẹ̀. LASTMA, àjọ tó ń bójú tó ìrìnnà ọkọ̀ l'Ékòó, dé ní 2000. Òfin ìrìnnà Èkó ti 2012 ní kí tírélà máa rìn láàárín aago mẹ́sàn-án alẹ́ sí mẹ́fà àárọ̀ nìkan, àyàfi ọkọ̀ epo àti ọkọ̀ èrò. Ní oṣù Kẹsàn-án 2022, wọ́n fòfin de ọ̀kadà ní ìjọba ìbílẹ̀ Ṣómólú. Èyí tó kan tírélà yẹn ló pa mí lẹ́rìn-ín: ojú ọmọ mọ́tò là ń yá lò lọ́sàn-án, wọ́n wá ní ká máa wakọ̀ lóru. Dírẹ́bà tó bá gbọ́n, tọ́ọ̀ṣì ló kọ́kọ́ rà fún ọmọ rẹ̀.

Títí di òní, dírẹ́bà nìkan ni wọ́n ń dán wò kí wọ́n tó fún un ní láísẹ́ńsì. Kò sẹ́ni tó ń bi ọmọ mọ́tò léèrè ohunkóhun. Ní tèmi, títí mo fi gbé kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀, owó rẹ̀ ni mo máa ń kọ́kọ́ yọ sọ́tọ̀, kí n tó ka ti ẹni tó ni lọ́rì.