Ìtẹ́bùsùn Olómi Tútù: Ìrànlọ́wọ́ fún Ẹni tí Ooru Ń Mú Lóru

Ìtẹ́bùsùn olómi tútù ni ohun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan tí a máa ń tẹ́ sórí fóòmù, lábẹ́ aṣọ ìtẹ́bẹ́ẹ̀dì, tí omi tútù ń sàn káàkiri inú rẹ̀ ní gbogbo òru. Ẹ̀rọ kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn tó ń mú omi náà tutù, tó sì ń tì í lọ, tó ń fà á bọ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti gba ooru kúrò lára ẹni tó sùn lé e. Kì í mú yàrá tutù bíi ti ẹ̀rọ amúlétutù. Ara ènìyàn ló ń mú tutù. Ó wúlò fún ẹni tí ooru ń mú. Àmọ́ kì í ṣe ìwòsàn fún ẹni tí ara rẹ̀ ń gbóná, èdè Yorùbá fúnra rẹ̀ sì ti ya ọ̀rọ̀ méjèèjì sọ́tọ̀ fún wa.

Àwọn ọ̀rọ̀ tó yẹ ká kọ́kọ́ mọ̀

Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí òkè òkun máa ń ṣi àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí lò, nítorí wọ́n jọra létí. Àmì ohùn ló yà wọ́n:

Ooru: gbígbóná tó wà nínú afẹ́fẹ́ tàbí nínú ilé. “Ooru mú púpọ̀ lónìí.”
Òru: àkókò tí ilẹ̀ ti ṣú pátápátá, tí àwọn ènìyàn ti sùn. “Mo jí lóru.”
Oorun: ohun tí à ń sùn. “Oorun ń kùn mí.”
Oòrùn: èyí tó ń ràn lójú ọ̀run lọ́sàn-án. “Ẹ má dúró sínú oòrùn.”
Òórùn: ohun tí imú ń gbọ́. “Mo ń gbọ́ òórùn ọbẹ̀.”
Òógùn: omi tó ń jáde lára nígbà tí ooru bá mú wa. “Òógùn bò mí.” Ẹni tí òógùn ń jáde lára rẹ̀ ń làágùn.
Oògùn: ohun tí à ń lò sí àìsàn. “Ṣé o ti lo oògùn rẹ?”

Ẹ kíyè sí i pé nínú èdè wa, ooru ló ń mú ènìyàn, gẹ́gẹ́ bí òtútù ṣe ń mú un. Ẹni tí ilé rẹ̀ móoru yóò sọ pé, “Ooru ń mú mi.” Bí ó bá sọ pé, “Ara mi gbóná,” ìyá rẹ̀ á gbà pé ibà ló ń ṣe é, á sì fi ẹ̀yìn ọwọ́ kàn án níwájú orí. Gbólóhùn àkọ́kọ́ ń sọ nípa afẹ́fẹ́ àti ibùsùn. Èkejì ń sọ nípa àìlera.

Ìdí tí ooru fi ń lé oorun lọ

Ìwọ̀n ooru inú ara ènìyàn máa ń wà ní nǹkan bí 37°C, ṣùgbọ́n kì í dúró sójú kan. Ní ìrọ̀lẹ́ ó máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sílẹ̀, ó sì lè fi nǹkan bí 1°C dínkù kí ilẹ̀ tó mọ́. Kí èyí lè ṣeé ṣe, ara máa ń darí ẹ̀jẹ̀ púpọ̀ sí awọ ara, pàápàá ní ọwọ́ àti ẹsẹ̀, kí ooru lè gba ibẹ̀ jáde. Bí ooru bá rí ọ̀nà jáde, oorun á tètè gbé ènìyàn lọ. Bí kò bá rí i, ènìyàn á máa yí síhìn-ín, á máa yí sọ́hùn-ún.

Fóòmù tó nípọn, tó ń rì mọ́ ara, máa ń dí ọ̀nà yìí, nítorí afẹ́fẹ́ kò rí inú rẹ̀ gbà dáadáa. Ẹní kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ti sùn rí lórí ẹní tí wọ́n tẹ́ sórí sìmẹ́ńtì ní Ìbàdàn tàbí Abẹ́òkúta, nígbà ọ̀gbẹlẹ̀, ti mọ ìlànà tí ìtẹ́bùsùn olómi ń lò: ohun tútù tó bá kan ara máa ń gba ooru lára.

Ilé tí à ń gbé náà ní ọwọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ní Ìlú Ọba, nítorí òtútù ni wọ́n ṣe kọ́ ọ̀pọ̀ ilé, kí ooru má bàa tètè jáde. Díẹ̀ ni ilé tó ní ẹ̀rọ amúlétutù níbẹ̀. Ní ọjọ́ 19 oṣù Keje ọdún 2022, ìwọ̀n ooru dé 40.3°C ní Coningsby, ní agbègbè Lincolnshire, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí wọ́n máa ṣàkọsílẹ̀ ooru tó kọjá 40°C ní orílẹ̀-èdè náà. Ní ìlú bíi Houston ní Amẹ́ríkà, ẹ̀rọ amúlétutù wọ́pọ̀, ṣùgbọ́n owó iná ni ìṣòro ibẹ̀: kí a máa mú odindi ilé tutù ní gbogbo òru nítorí ẹnì kan ṣoṣo tí ooru ń mú.

Bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́

Omi ló jẹ́ kí ohun èlò yìí yàtọ̀ sí fáànù. Ooru máa ń gba inú omi kọjá ju bó ṣe ń gba inú afẹ́fẹ́ lọ, ní ìlọ́po tó lé ní 20. Kílò omi kan sì lè gba ooru tó nǹkan bí ìlọ́po 4 èyí tí kílò afẹ́fẹ́ kan lè gbà, kí méjèèjì tó gbóná dé ìwọ̀n kan náà. Ìdí nìyí tí omi tó tutù níwọ̀nba fi lè ṣe ohun tí afẹ́fẹ́ tútù kò lè ṣe.

Ohun èlò náà pín sí mẹ́ta. Èkínní ni ẹ̀rọ tí a ń bu omi sí, tí pọ́ǹpù kékeré wà nínú rẹ̀. Èkejì ni họ́òsì tó so ẹ̀rọ náà mọ́ ibùsùn. Ẹ̀kẹta ni ìtẹ́bùsùn fúnra rẹ̀, tí àwọn rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ já gba inú rẹ̀ kiri. Omi ń tutù nínú ẹ̀rọ, ó ń sàn gba abẹ́ ara wa, ó ń gba ooru, ó sì ń padà sínú ẹ̀rọ láti tún tutù.

Nínú ọ̀pọ̀ wọn, pátákó kékeré kan ló ń mú omi náà tutù. Bí iná mànàmáná bá gba inú pátákó yìí kọjá, ojú rẹ̀ kan á tutù, ojú kejì á gbóná. Jean Peltier, ará ilẹ̀ Faransé, ló ṣàkíyèsí ọ̀ràn yìí ní ọdún 1834. Fáànù inú ẹ̀rọ náà ló máa ń fẹ́ ooru ojú kejì jáde sínú yàrá. Nítorí náà, ooru tó kúrò lára yín kò parun. Ó kàn ṣípò padà ni. Inú yàrá kékeré tí fèrèsé rẹ̀ wà ní títì lè móoru díẹ̀ sí i bí ibùsùn ṣe ń tutù.

Ìlànà náà kì í ṣe tuntun. Àwọn tó rìn lórí òṣùpá ní ọdún 1969 wọ àwọ̀tẹ́lẹ̀ tí rọ́bà olómi wà nínú rẹ̀, kí ooru ara wọn má bàa há mọ́ inú aṣọ ńlá tí wọ́n wọ̀ lé e.

Àwọn tó lè wúlò fún

Ó wúlò fún tọkọtaya tí ìwọ̀n ooru ara wọn kò bára mu. Ọ̀kan ń ṣí fèrèsé, èkejì ń tì í. Ọ̀kan ń da búláńkẹ́ẹ̀tì nù, èkejì ń wá a. Oríṣi kan wà tó pín sí ọ̀tún àti òsì, kí oníkálukú lè yan bó ṣe fẹ́ kí ẹ̀gbẹ́ tirẹ̀ tutù tó.

Ó wúlò fún àwọn nọ́ọ̀sì àti àwọn olùtọ́jú arúgbó tó ń ṣiṣẹ́ òru, tí wọ́n ní láti sùn lọ́sàn-án nígbà tí oòrùn ń ta sára òrùlé. Ó sì lè mára tu obìnrin tí nǹkan oṣù rẹ̀ ń kásẹ̀ nílẹ̀, tí ooru máa ń ru sí i lára lójijì, tí òógùn á sì bò ó lóru. Ẹ̀rọ náà kò ní dá ooru yìí dúró, ṣùgbọ́n ó lè jẹ́ kí ó tètè padà sun oorun.

Ẹ má fi bo àìsàn mọ́lẹ̀

Kì í ṣe gbogbo òógùn òru ni ìtẹ́bùsùn lè yanjú. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Nàìjíríà dé, tí ara rẹ̀ wá ń gbóná, tí ó ń gbọ̀n, tí ó sì ń làágùn, kò gbọdọ̀ gbà pé ooru lásán ni. Ibà tí ẹ̀fọn ń fà lè fara hàn ní ọ̀sẹ̀ kan sí i lẹ́yìn tí ẹ̀fọn bá jẹ ènìyàn, ó sì lè pẹ́ ju oṣù mélòó kan lọ. Ẹni tó ti pẹ́ ní òkè òkun kò ní àbò tó ní sí ibà nígbà tó wà nílé mọ́. Ẹ rí dókítà lọ́jọ́ náà gan-an, kí ẹ sì sọ ibi tí ẹ ti ń bọ̀ fún un. Ní Ìlú Ọba, ẹ lè pe 111 fún ìmọ̀ràn.

Bí òógùn bá ń rin aṣọ yín gbindin ní òru dé òru nígbà tí yàrá kò móoru, ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò. Pàápàá bí ẹ bá ń rù, tàbí tí ikọ́ kò lọ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ikọ́ ife, tí àwọn dókítà ń pè ní TB, máa ń fa irú rẹ̀, àrùn jẹjẹrẹ kan náà sì máa ń fà á. Oògùn tí ẹ ń lò, irú bí èyí tí wọ́n ń lò fún ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn, lè wà nídìí rẹ̀.

Àwọn kan wà tó yẹ kí wọ́n ṣọ́ra fún ìtutù fúnra rẹ̀. Fún ẹni tó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde, òtútù tàbí ìyípadà ooru lójijì lè dá ìrora sílẹ̀. Ẹni tí àtọ̀gbẹ ti mú kí ẹsẹ̀ rẹ̀ kú tipiri lè má mọ̀ pé ohun tó sùn lé ti tutù jù. Kí àwọn wọ̀nyí kọ́kọ́ bá dókítà wọn sọ̀rọ̀. Ẹ má sì tẹ́ ẹ fún ọmọ ọwọ́.

Kí ẹ tó rà á

Ọ̀pọ̀ nínú wọn ń gba ọgọ́rọ̀ọ̀rún pọ́n-ùn. Àwọn kan kọjá 2,000 dọ́là. Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ gbìyànjú ohun tí kò náni lówó púpọ̀. Ẹ fi kọ́tìnnì bo fèrèsé lọ́sàn-án, kí ẹ sì ṣí i nígbà tí afẹ́fẹ́ ìta bá tutù. Ẹ lo aṣọ òwú dípò èyí tó ń dá ooru dúró. Ẹ fi omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ wẹ̀ ní wákàtí kan tàbí méjì kí ẹ tó sùn. Ẹ dín ọtí kù ní alẹ́.

Bí ẹ bá rà á, ẹ má ṣe gbé e sí ìwọ̀n tó tutù jù lọ ní alẹ́ àkọ́kọ́. Ọ̀pọ̀ nínú wọn lè mú omi tutù dé nǹkan bí 13°C, ìyẹn sì ti pọ̀ jù fún ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ẹ bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí 22°C, kí ẹ máa dín in kù díẹ̀díẹ̀. Bí ó bá tutù jù níbi tí afẹ́fẹ́ ti lọ́rinrin, ìrì lè sẹ̀ sára rẹ̀, kí aṣọ ìtẹ́bẹ́ẹ̀dì sì tutù. Ẹ̀rọ náà máa ń pariwo bíi fáànù kékeré, ẹ gbọ́ ohùn rẹ̀ kí ẹ tó sanwó bí ó bá ṣeé ṣe.

Ẹ lo omi tí wọ́n kọ “distilled water” sí lára ìgò rẹ̀. Omi ẹ̀rọ Lọ́ńdọ̀nù ní ẹfun púpọ̀. Ohun funfun tó ń lẹ̀ mọ́ inú kẹ́tù yín lè dí àwọn rọ́bà náà. Ẹ máa pààrọ̀ omi, kí ẹ sì fọ inú ẹ̀rọ bí ìwé rẹ̀ ṣe wí, kí ìdọ̀tí má bàa hù níbẹ̀.

Ìfọ̀rọ̀wérọ̀

Ọmọ: Ẹ káàárọ̀, Màmá. Ṣé ẹ sùn dáadáa?
Ìyá: Káàárọ̀, ọmọ mi. N kò sùn o. Ooru ni kò jẹ́.
Ọmọ: Ṣé ooru ló mú yín ni, àbí ara yín ló gbóná?
Ìyá: N kò mọ̀ ọ́n yà. Mo ṣí fèrèsé, òtútù wọlé, síbẹ̀ òógùn bò mí.
Ọmọ: Ó ti tó ìgbà wo?
Ìyá: Ó ti tó oṣù méjì.
Ọmọ: Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ rí dókítà, Màmá. Bí wọ́n bá ní kò séwu, a ó wá wo ọ̀rọ̀ ìtẹ́bùsùn olómi yẹn.

Ẹ kọ́ ìbéèrè kejì tí ọmọ yìí bi ìyá rẹ̀, kí ẹ sì mọ̀ ọ́n bí orúkọ yín. Òun ló yẹ kí ẹ kọ́kọ́ bi ẹnikẹ́ni tó bá sọ fún yín pé ooru kò jẹ́ kí òun sùn.