Ohùn Ni Ará Ìdálẹ̀ Fi Ń Wálé

Bí a bá ń pìtàn àwọn ohun èlò tí Yorùbá tó ń gbé òkè òkun fi ń kàn sí ilé, ọ̀nà kan náà la sábà máa ń tọ̀: lẹ́tà ló ṣáájú, wáyà tẹ̀ lé e, tẹlifóònù dé, íntánẹ́ẹ̀tì sì wá gba ipò gbogbo wọn. Irú ìtàn báyìí ń fi ìyára ṣe olórí ohun gbogbo, àfi bí ẹni pé ohun tó yá ló máa ń lé ohun tó falẹ̀ lọ. Èmi kò rí i bẹ́ẹ̀. Ohun tí àwọn ènìyàn ń wá láti ìbẹ̀rẹ̀ ni ohun èlò tí yóò gbé ohùn wọn délé láìsí agbẹnusọ láàárín. Nígbàkígbà tí irú rẹ̀ bá yọjú, ìbáà falẹ̀, ìbáà wọ́n, wọ́n ń dì mọ́ ọn.

Ẹ jẹ́ ká wo ìgbà tí kò sí ohunkóhun. Ní 1821 ni wọ́n kó Àjàyí lẹ́rú ní Òṣogùn, ẹni tí ayé padà mọ̀ sí Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Ajayi Crowther. Ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà á sílẹ̀ lójú òkun ní 1822, ó di ọmọ ilé-ìwé ní Sierra Leone, ó sì gba oyè àlùfáà ní London ní 1843. Síbẹ̀, ó di 1846, ní Abẹ́òkúta, kí òun àti ìyá rẹ̀ tó tún fojú kan ara wọn. Fún ọdún 25, ọ̀kan nínú àwọn tó mọ ìwé jù lọ nínú ìran rẹ̀ kò rí ọ̀nà kan fi ránṣẹ́ sí ìyá tó bí i. Ìwé kíkọ wà lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí yóò gbé e lọ, kò sì sí ẹni tí yóò kà á fún ìyá náà. Àrokò tí wọ́n ń lò nílé, owó ẹyọ àti ìyẹ́ tí a so mọ́ okùn, lè gbé ìkìlọ̀ tàbí ìpè láti ọ̀dọ̀ ọba kan dé ọ̀dọ̀ ọba kejì. Kò lè ròyìn bí ayé ti ṣe ènìyàn fún ọdún 25.

Nígbà tí iṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ fìdí múlẹ̀, ìdajì ìṣòro náà ló yanjú. Lẹ́tà ń dé ibi tí wọ́n rán an, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ òbí kò lè kà á. Akọ̀wé ló ń bá ìyá kọ tirẹ̀, ọmọ iléèwé àdúgbò ló ń bá a ka èyí tó dé. Ọ̀rọ̀ àìsàn, gbèsè àti ìjà ilé ní láti gba etí ẹni tí kò kàn kọjá. Ní ti wáyà, okùn abẹ́ òkun ti dé Èkó láti 1886, kò sì sí ohun tó yá tó o. Ṣùgbọ́n iye ọ̀rọ̀ tí ènìyàn bá kọ ni wọ́n fi ń ṣírò owó rẹ̀, nítorí náà ọ̀rọ̀ ikú àti ti pàjáwìrì ló wà fún. Àwọn oníṣòwò láti Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀ffà àti Ìnísà, tí wọ́n kún ọjà Ghana kí ìjọba Busia tó lé wọn ní 1969, mọ ọgbọ́n mìíràn: wọ́n ń fi ọ̀rọ̀ sẹ́nu ẹni tó ń lọ sílé. Bí ìyára bá ni gbogbo ènìyàn ń wá ni, wáyà ì bá ti jọba.

Ní London ni ohùn Yorùbá ti kọ́kọ́ bọ́ sínú ẹ̀rọ lójú ìtàn yìí. Ní 1924, Ládípọ̀ Ṣólàńkẹ́, akẹ́kọ̀ọ́ òfin tó kópa nínú dídá WASU, ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, sílẹ̀ lọ́dún tó tẹ̀ lé e, sọ èdè Yorùbá lórí rédíò níbẹ̀. Ní àwọn ọdún 1920 yẹn náà ni Àlùfáà J. J. Ransome-Kuti kọ àwọn orin ìsìn ní Yorùbá sínú rẹ́kọ́ọ̀dù fún ilé-iṣẹ́ Zonophone. Àmọ́ rédíò àti rẹ́kọ́ọ̀dù kò sí níkàáwọ́ mẹ̀kúnnù. Kásẹ́ẹ̀tì tí Philips gbé jáde ní 1963 ló gbé ohùn lé ènìyàn lásán lọ́wọ́. Nígbà tí owó epo rọ̀bì fi rédíò oníkásẹ́ẹ̀tì sínú ọ̀pọ̀ ilé, kò gba ju kí a tẹ bọ́tìnnì méjì pọ̀ lọ: bàbá ń ṣàdúrà, ìyá ń ki oríkì ọmọ rẹ̀, àwọn àbúrò ń dárúkọ ohun tí wọ́n fẹ́ kó rà bọ̀. Wọ́n á fi kásẹ́ẹ̀tì náà rán ẹni tó ń lọ, ó sì lè pẹ́ kó tó débẹ̀. Kò yá tó wáyà, kò sì dá ara rẹ̀ rìn bíi lẹ́tà. Síbẹ̀ wọ́n gbà á tọwọ́tẹsẹ̀, nítorí pé olóhùn fúnra rẹ̀ ló ń sọ̀rọ̀.

Tẹlifóònù ni ìbá gba iṣẹ́ yìí ṣe tipẹ́, ṣùgbọ́n kò kárí. NITEL, ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù ìjọba tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1985, kò tíì pín ju nǹkan bí ìdajì mílíọ̀nù ìlà lọ nígbà tí ọdún 2000 pé, ní orílẹ̀-èdè tí èrò rẹ̀ ti ju 100 mílíọ̀nù lọ. Ẹni tó wà nílùú òyìnbó á ra káàdì ìpè, á họ nọ́ńbà ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹni tó wà nílé á lọ jókòó de ìpè ní bisinẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà. Nígbà tí fóònù alágbèéká GSM dé ní oṣù Kẹjọ 2001, ìnira yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í kásẹ̀ nílẹ̀. Ó bá àtẹ̀jíṣẹ́ wá, ṣùgbọ́n wọn kò ro ti Yorùbá mọ́ ọn. Ààmì 160 ni àtẹ̀jíṣẹ́ kan gbà. Ẹ, ọ àti ṣ kò sí nínú àwọn ààmì tí wọ́n ṣètò fún un, bí ẹyọ kan ṣoṣo nínú wọn bá sì wọ̀ ọ́, àyè náà á já sí 70. Ẹni tó bá fẹ́ kọ Yorùbá tó yè kooro ń san owó ìlọ́po. Ẹni tó bá yọ ààmì orí àti ìdí lẹ́tà kúrò ń fi òǹkàwé sílẹ̀ kó máa méfò.

Ẹnìkan lè sọ pé àìmọ̀wé àwọn òbí ló fa gbogbo èyí, pé bí àwọn ọmọ ti kàwé, ohùn á padà fún ìwé láyè. Àìmọ̀wé dá kún un lóòótọ́, ṣùgbọ́n Ṣólàńkẹ́ jẹ́ amòfin, Ransome-Kuti jẹ́ olùkọ́. Àwọn ọ̀mọ̀wé ló ṣáájú lọ sídìí ẹ̀rọ. Ẹlòmíràn á ní owó ni. Tó bá jẹ́ owó ni, WhatsApp ló yẹ kó dájọ́, nítorí títẹ̀ àti sísọ kò yàtọ̀ síra tó bẹ́ẹ̀ lówó níbẹ̀. Láti 2013 tó ti fi voice note kún iṣẹ́ rẹ̀, àdúrà òwúrọ̀, ìkíni ìsọmọlórúkọ àti ìbáwí àgbà ti rí ibùgbé tuntun, pàápàá láàárín àwọn tó mọ̀wé kọ dáadáa. Mo gbà pé ọ̀rọ̀ ilẹ̀, owó àti ilé-ẹjọ́ ń béèrè ìwé, ohùn kò sì lè rọ́pò rẹ̀ níbẹ̀. Mo sì gbà pé Yorùbá nìkan kọ́ ló fi kásẹ́ẹ̀tì ránṣẹ́ sílé. Ṣùgbọ́n nínú èdè tí ìró ohùn ti ń ya ọ̀rọ̀ kan sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì, tí oríkì sì nílò ẹnu tí yóò kì í, ẹni tó yan ohùn kò yan àṣà lásán.

Ohun tó jáde níbẹ̀ fún òpìtàn kò kéré. Ìwé àwọn ènìyàn bíi Ṣólàńkẹ́ wà ní ìpamọ́ ní Yunifásítì Èkó, a sì lè fi wọ́n kọ ìtàn. Kásẹ́ẹ̀tì àwọn ìyá kò rí irú ìpamọ́ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ti gba fújì lé ọ̀pọ̀ lórí, ebu ti jẹ òmíràn, voice note náà sì ń bá fóònù tó sọnù lọ. Ìtàn tí a bá fi lẹ́tà nìkan kọ yóò jẹ́ ìtàn àwọn ọkùnrin tó mọ gègé lò, ilé tí wọ́n ń kọ̀wé sí yóò sì dà bí ibi tí ẹnikẹ́ni kò ti fèsì. Ilé fèsì, púpọ̀púpọ̀, ṣùgbọ́n orí téèpù ló wà. Iṣẹ́ tó kù fún àwọn ilé ìpamọ́ ìwé, àti fún ìdílé tó bá ṣì ní irú rẹ̀ nínú àpótí, ni láti kó wọn jọ sórí kọ̀ǹpútà kí wọ́n tó bàjẹ́ tán, kí a sì kà wọ́n sí ẹ̀rí bí a ti ń ka lẹ́tà sí.