Tchapalo àti malt inú agolo: Ọ̀nà méjì tí bíà ń gbà dé Abidjan

Ní Vridi, ní àgbègbè Port-Bouët nílùú Abidjan, ni òkun ti pàdé ọ̀sà. Ọdún 1950 ni wọ́n ṣí odò tí wọ́n fi ọwọ́ gbẹ́ síbẹ̀, òun sì ni ọkọ̀ ojú omi ń gbà dé èbúté Abidjan.

Lára ẹrù tó ń wọlé láti òkun ni malt tí àwọn ilé iṣẹ́ ńlá fi ń pọn bíà. Ọkà báálì ni wọ́n fi ń ṣe é, ọkà yìí kì í sì í ṣe dáadáa nílẹ̀ tó móoru.

Àmọ́ bíà míràn wà ní Abidjan tí kò mọ ọ̀nà òkun: tchapalo. Ọkà bàbà tó ń ti àríwá wá ni wọ́n fi ń pọn ọ́n, àwọn obìnrin ló sì ń pọn ọ́n nínú àgbàlá ilé. Dolo ni wọ́n ń pè é ní Burkina Faso, tchoukoutou ní àríwá Benin, burukutu ní àríwá Nàìjíríà. Yorùbá ní ọtí ọkà. Ọmọ Èjìgbò tó dé Abidjan, tó sì mọ ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ nílé, kò ní ṣẹ̀ṣẹ̀ máa bèèrè ohun tó wà nínú igbá.

Kí ni malt gan-an?

Ọkà tí wọ́n mú kó hù ni. Wọ́n á rẹ ọkà bàbà sómi, wọ́n á bò ó títí yóò fi ta gbòǹgbò, wọ́n á sá a sóòrùn, wọ́n á lọ̀ ọ́. Bí ọkà bá ń hù ni èròjà tó ń sọ sítáàṣì di ṣúgà máa ń jí nínú rẹ̀. Ṣúgà yìí ni ìwúkàrà máa jẹ, tí yóò sọ di ọtí.

Lẹ́yìn náà, wọ́n á pò ó mọ́ omi, wọ́n á sè é, wọ́n á fi sílẹ̀ mọ́jú kó kan díẹ̀, wọ́n á sẹ́ ẹ, wọ́n á tún gbé e kaná. Bó bá tutù, wọ́n á fi ìwúkàrà tí wọ́n tọ́jú láti ara ọtí ìṣáájú sí i. Lọ́jọ́ kejì, ó ti di mímu. Kò sì ní pẹ́ bàjẹ́.

Báwo ni malt ṣe dé inú agolo?

Iṣẹ́ híhù yìí ni agolo gbà lọ́wọ́ àwọn tó ń pọn bíà nílé ní Amẹ́ríkà àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Omi malt tí wọ́n ti sè títí tó fi ki bí oyin ló wà nínú rẹ̀. Ẹni tó rà á kàn máa pò ó mọ́ omi gbígbóná, kó jẹ́ kó tutù, kó fi ìwúkàrà sí i, kó sì ní sùúrù.

Òfin ló sọ agolo náà di gbajúmọ̀. Nígbà tí Amẹ́ríkà fòfin de ọtí lọ́dún 1920, àwọn ilé ìpọntí bíi Pabst bẹ̀rẹ̀ sí í ta omi malt, wọ́n ní kí aráàlú fi ṣe búrẹ́dì. Búrẹ́dì mélòó?

Òfin náà kúrò nílẹ̀ lọ́dún 1933, ṣùgbọ́n ó di 1978 kí Ààrẹ Jimmy Carter tó buwọ́ lu òfin tó gbà kí aráàlú pọn bíà nílé. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti fagi lé ìwé àṣẹ tiwọn ní 1963.

Nígbà tí Nàìjíríà ti ilẹ̀kùn

Lọ́dún 1988, ìjọba Nàìjíríà fòfin de kíkó báálì àti malt rẹ̀ wọlé. Àwọn ilé ìpọntí ńlá bá yíjú sí ọkà bàbà àti àgbàdo.

Ibẹ̀ ni wàhálà wà. Malt ọkà bàbà kò lágbára tó ti báálì láti sọ sítáàṣì di ṣúgà, àwọn ilé iṣẹ́ bá ń ra èròjà tó ń ṣe é láti òkè òkun. Ohun tó yẹ kó jí nínú ọkà wá ń gba èbúté wọlé.

Àwọn obìnrin tó ń pọn ọtí ọkà kò ra irú rẹ̀ rí. Kì í ṣe idán: ọtí tiwọn máa ń rú, ó máa ń kan díẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni oníbàárà wọn ṣe fẹ́ ẹ. Ilé iṣẹ́ ń wá ọtí tó mọ́ gaara, tó lè pẹ́ nínú ìgò.

Àìlèpẹ́ yìí ló ń dá tchapalo dúró sínú àgbàlá. Àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Nangui Abrogoua ní Abidjan ti ń yẹ ìwúkàrà inú rẹ̀ wò. Èyí tí wọ́n bá tó pọ̀ jù níbẹ̀ ni Saccharomyces cerevisiae, irú ìwúkàrà kan náà tó máa ń wà nínú àpò kékeré tó ń bá agolo malt wá.