Àìrìnpọ̀ Ejò: Ìtàn Àwọn Tó Ń Fọwọ́ Ara Wọn Sọ Ọkọ̀ Elépo Di Oníná

Ọdún 1973 kọ́ orílẹ̀-èdè méjì ní ẹ̀kọ́ tó yàtọ̀ síra. Ní oṣù Ọ̀wàrà ọdún náà, ogun bẹ́ sílẹ̀ láàárín Ísírẹ́lì àti àwọn aládùúgbò rẹ̀, àwọn orílẹ̀-èdè Lárúbáwá sì kọ̀ láti ta epo rọ̀bì fún Amẹ́ríkà. Kò pẹ́ rárá tí iye owó àgbá epo kan fi fò láti nǹkan bíi dọ́là 3 dé nǹkan bíi dọ́là 12. Ní Amẹ́ríkà, ọkọ̀ tò lọ bí ilẹ̀ bí ẹní níwájú àwọn ilé epo. Ní Nàìjíríà, owó wọlé bí òjò. Ní ọdún 1974, ìgbìmọ̀ Udoji dábàá àfikún owó oṣù fún àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba, gbogbo ìlú sì yọ̀. Nígbà tí àwọn kan lọ́hùn-ún ń wá bí ọkọ̀ yóò ṣe rìn láìlo epo, àwa ń wá ibi tí a ó ná owó epo sí.

Kì í ṣe ọdún náà gan-an ni àwọn ará Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1967, Walter Laski dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ ní ìlú San Jose, ní Kalifóníà, orúkọ rẹ̀ ni Electric Auto Association. Ẹgbẹ́ àwọn tó ń tún ọkọ̀ ṣe ní àgbàlá ilé wọn ni. Ní ìpàdé irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹni tó bá ti sọ ọkọ̀ rẹ̀ di oníná yóò gbé e wá, yóò ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sílẹ̀, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í bi í léèrè: bátìrì mélòó, wáyà wo, kí ló jóná, báwo ni o ṣe tún un ṣe? Ẹni tó bá kùnà ń ṣàlàyé ìkùnà rẹ̀ ní gbangba, kí ẹlòmíràn má baà ná owó sí àṣìṣe kan náà.

Ní ọjọ́ 26, oṣù Ògún, ọdún 1968, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì méjì sọ irú iṣẹ́ yìí di ìdíje. Àwọn ti Caltech gbéra láti Pasadena, àwọn ti MIT láti Cambridge, oníkálùkù sì dorí kọ ìlú èkejì. Ibùdó 54 ni wọ́n pèsè sójú ọ̀nà fún gbígba iná. Bọ́ọ̀sì Volkswagen ọdún 1958 ni ti Caltech. Wally Rippel ló sọ ọ́ di oníná. Chevrolet Corvair ni ti MIT. Ọkọ̀ MIT ló kọ́kọ́ parí ìrìn, ṣùgbọ́n wọ́n ti fi ọkọ̀ mìíràn fà á lójú ọ̀nà. Nígbà tí wọ́n ka ìjìyà èyí mọ́ ọn, Caltech ni wọ́n fún ní ipò kìíní.

Iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ kò fara sin. A ó yọ ẹ́ńjìnì, táǹkì epo àti sàlẹ́ńsà kúrò. A ó fi irin pẹlẹbẹ kan so ẹ̀rọ oníná mọ́ ibi tí jíà ti ń gba agbára. A ó to bátìrì síbi tí àyè bá wà, a ó sì fi ẹ̀rọ kékeré kan sáàárín, tí yóò máa díwọ̀n iná gẹ́gẹ́ bí ẹsẹ̀ awakọ̀ ṣe ń tẹ̀ ẹ́. Láyé ìgbà náà, ọ̀pọ̀ ló ń ra ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ṣáná sí bàálù ológun àtijọ́, wọ́n sì ń lo bátìrì olójé irú èyí tó wà nínú ọkọ̀ pápá gọ́ọ̀fù. Bátìrì wọ̀nyí wúwo, ìrìn wọn kò sì jìnnà. Ọkọ̀ tí àwọn olùtúnṣe fẹ́ràn jù ni Volkswagen Beetle, èyí tí àwa ń pè ní ìjàpá: ó fúyẹ́, ẹ́ńjìnì rẹ̀ wà lẹ́yìn, kò sì nílò omi, nítorí náà yíyọ rẹ̀ kò le.

Ariwo àwọn olùfẹ́ ọkọ̀ oníná kò jáfo. Ní ọdún 1976, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Amẹ́ríkà ṣe òfin láti fi owó ìjọba ṣe ìwádìí ọkọ̀ oníná. Ààrẹ Gerald Ford kọ̀ láti fọwọ́ sí i, ṣùgbọ́n àwọn aṣòfin borí rẹ̀. Lóòótọ́, òfin yẹn kò sọ gbogbo ọkọ̀ di oníná. Síbẹ̀ ìmọ̀ kò kú. Ní ọdún 1997, ilé-iṣẹ́ kékeré kan, AC Propulsion, gbé tzero jáde, ọkọ̀ tí wọ́n kọ́ sórí ara ọkọ̀ tí ènìyàn lè rà kó sì tò pọ̀ nílé. Ọkọ̀ yẹn ló wú àwọn tó pilẹ̀ Tesla lórí ní ọdún 2003.

Àwa ńkọ́? Ní ọdún 1975, Volkswagen bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ pọ̀ ní Èkó, Peugeot náà bẹ̀rẹ̀ ní Kàdúná. Ìjàpá tí wọ́n ń tú palẹ̀ ní Kalifóníà ni wọ́n ń tò pọ̀ ní Èkó. Nígbà tí owó epo já wálẹ̀, àwọn ilé-iṣẹ́ náà rọ, ṣùgbọ́n ọgbọ́n ọwọ́ kò rọ. Ní ọdún 1997, Ezekiel Izuogu, olùkọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ ní ìpínlẹ̀ Ímò, ṣí aṣọ lójú Z-600, ọkọ̀ elépo tí ó fi ọgbọ́n ara rẹ̀ ṣe. Ọ̀gágun Oladipo Diya wà níbẹ̀, ìjọba sì ṣe ìlérí ìrànwọ́. Ìlérí náà kò ṣẹ. Ní ọdún 2006, àwọn olè wọ ilé-iṣẹ́ rẹ̀, wọ́n kó àwọn mọ́ọ̀dù àti ìwé àwòrán rẹ̀ lọ. Izuogu kú ní ọdún 2020, iṣẹ́ náà kò sì lọ síwájú mọ́.

Ní ọdún 2014, Ṣẹ́gun Oyèyíọlá, akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, sọ ìjàpá kan di ọkọ̀ tí ń lo agbára oòrùn àti afẹ́fẹ́. Ní ọdún 2019, Yunifásítì Nàìjíríà ní Nsukka gbé ọkọ̀ oníná Lion Ozumba 551 jáde. Ní Maiduguri, ìlú tí Boko Haram ti gé wáyà iná rẹ̀, Mustapha Gajibo sọ kẹ̀kẹ́ márúwá àti bọ́ọ̀sì elépo di oníná, ó sì ń fi oòrùn pèsè iná fún wọn.

Ẹ wo Ifẹ̀, Nsukka, Owerri, Maiduguri. Ọgbọ́n kò wọ́n wa. Ohun tó wọ́n wa ni ìpàdé. Oníkálùkù bẹ̀rẹ̀ láti òdo, oníkálùkù sun owó sí àṣìṣe tí ẹlòmíràn ti ṣe. Nígbà tí olè kó ìwé Izuogu, kò sí ẹgbẹ́ tó ní ẹ̀dà rẹ̀ lọ́wọ́. Àìrìnpọ̀ ejò ló ń jẹ ejò níyà.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe eré mọ́ láti ọjọ́ 29, oṣù Ẹ̀bibi, ọdún 2023, tí Ààrẹ Bola Tinubu kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ. Jálá kan tí kò tó naira 200 di nǹkan bíi naira 500 láàárín ọjọ́ díẹ̀. Nígbà tó fi di oṣù Ọ̀wàrà ọdún 2024, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó naira 1,000 ní Èkó. Ìjọba dáhùn nípa gbígbé ètò kalẹ̀ láti máa sọ ọkọ̀ elépo di ti gáàsì CNG. Ẹ jẹ́ kí a ṣírò ti iná náà. Ní iye owó epo ìgbà náà, ọkọ̀ kékeré tó ń jẹ lítà 8 fún kìlómítà 100 gba nǹkan bíi naira 8,000. Bí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ bá di oníná, tí ó ń jẹ yúnítì iná 20 fún ìrìn kan náà, naira 4,500 ni owó rẹ̀, bí a bá fi naira 225 tí wọ́n gbé owó Band A sí ní oṣù Igbe ọdún 2024 ṣírò.

Ẹnìkan yóò bi wá pé: iná wo? Ìbéèrè tó tọ́ ni. Ilé tí kò rí iná fi tan gílóòbù kò lè fi bọ́ ọkọ̀, owó bátìrì pàápàá sì ga ju agbára ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ. Ṣùgbọ́n Maiduguri ti fi hàn pé oòrùn kì í dúró de NEPA. Ní Benin tó múlé tì wá, àti ní Togo, àwọn ọlọ́kadà ti ń gùn alùpùpù oníná Spiro. Wọ́n ń pààrọ̀ bátìrì tó ti kú sí èyí tó kún, wọn kò dúró kí ó tó gba iná. Bí ìjọba bá sì lè kọ́ mẹkáníìkì ní iṣẹ́ gáàsì, kò sí ìdí tí kò fi lè kọ́ wọn ní iṣẹ́ iná. Ohun tí a ń béèrè kò pọ̀: òfin tó ṣe kedere lórí àyẹ̀wò ọkọ̀ tí a sọ di oníná nílé, ìdínkù owó orí bodè lórí bátìrì àti ẹ̀rọ rẹ̀, àti ibi tí ọmọ Nsukka, ọmọ Ifẹ̀, ọmọ Maiduguri àti àwọn mẹkáníìkì Ládìpọ̀ yóò ti máa pàdé lọ́dọọdún, kí wọ́n ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ wọn fún ara wọn. Èyí tó kẹ́yìn yìí kò tilẹ̀ nílò ìbuwọ́lù Ààrẹ. Ní San Jose ní ọdún 1967, Laski kò dúró de ìjọba kó tó pe ìpàdé.